Pléè àti jíjẹ: nígbà tí ìbọn lífà bá ń mì lọ́wọ́ ẹni

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa lífà ìbọn ọdẹ, ìyẹn irin abẹ́ ìbọn tí wọ́n ń fà láti kó ọta wọlé, sísàlẹ̀, tó rí i bó ṣe ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ lábẹ́ ìbọn, tí bóòtì, irin tó ń ti ọta wọ inú ọ̀pá, sì ń mì sọ́tùn-ún sósì, àyà rẹ̀ á já. Á ní ìbọn ti gbó. Ó lè jẹ́ pé ìbọn náà le koko. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ni bóyá ìbọn wà ní ṣíṣí tàbí ní títì nígbà tó ń mì.

Pléè ni àyè tí ẹni tó rọ ìbọn mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàárín irin kan àti èkejì kí wọ́n lè rìn. Jíjẹ ní tirẹ̀ ni kí irin máa ha irin títí tí ọ̀kan yóò fi lọ díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ìbọn jáde ni pléè ti wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni jíjẹ máa ń dé, tó bá sì pọ̀, á sọ pléè di ohun tó ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ìbọn yìí nílò pléè gan-an, torí inú igbó ló ń gbé: eruku, ewé, epo tó ti dì, èéfín ẹ̀tù. Bí gbogbo irin inú rẹ̀ bá fún pinpin, ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo tó láti há a.

Ẹ wo Winchester 1894, ìbọn lífà kan tí John Browning ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá fa lífà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ abẹ́ ìbọn á sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, bóòtì á sì yọ sẹ́yìn. Lákòókò yẹn, orí àwọn pín (irin tín-ín-rín tó so wọ́n pọ̀) díẹ̀ ni gbogbo wọn so rọ̀ sí. Kí ló máa gbà wọ́n tí wọn ò ní mì? Ṣùgbọ́n tí lífà bá padà sókè, irin kan tó nípọn á gòkè lẹ́yìn bóòtì, á sì tì í pa. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbọn yìí kan náà máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín lífà àti ìdí ìbọn, tírígà kì í sì í gbà kéèyàn fà á àfi téèyàn bá fún lífà náà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ń pe èyí ní jíjẹ. Ààbò ni.

Ohun tó jẹ́ kí títì yìí ṣe pàtàkì ni agbára tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọta .30-30, tó jáde ní 1895, lè ti bóòtì pẹ̀lú agbára tó tó 42,000 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti nǹkan), bẹ́ẹ̀ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju nǹkan bíi 35 lọ. Etí ìdí ọta ló ń dá a dúró ní ìdí ọ̀pá ìbọn. Àyè tí etí yẹn ní láàárín ojú bóòtì àti ìdí ọ̀pá ni wọ́n ń pè ní headspace. Bí àyè yìí bá ti pọ̀ jù, ara kòròfo ọta á lẹ̀ mọ́ ògiri inú ọ̀pá nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìdí rẹ̀ á sún sẹ́yìn lọ bá bóòtì, idẹ tó wà láàárín méjèèjì á wá nà. Tó bá nà jù, á fà ya.

Jíjẹ mìíràn wà tí kò kan títì rárá. Nínú Marlin 336, ìbọn lífà mìíràn, etí lífà tó mú lè máa gbẹ́ abẹ́ irin tó ń gbé ọta sókè, títí irin yẹn ò fi ní gòkè tó mọ́, tí ọta kejì á yọ́ jáde nínú túùbù tí wọ́n ń kó ọta sí, tí gbogbo rẹ̀ á sì há. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe.

Ẹ má sì pe síkúrù tó tú ní jíjẹ. Ẹ dè é. Igi ìdí ìbọn tó bá gbẹ máa ń sún kì, síkúrù rẹ̀ á sì dẹ̀. Téèyàn bá ń yin ìbọn bẹ́ẹ̀, igi náà á là.

Kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ọ̀pá, kò sì sí nínú túùbù. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ tún fi ìka wò ó. Ẹ ti lífà pa, kí òòlù (irin tó máa ń gbá síwájú tí ẹ bá fa tírígà) wà lẹ́yìn, kí ẹ wá fi àtàńpàkò ti bóòtì sẹ́yìn. Tó bá sún bíńtín, kò burú. Tó bá ń rìn tí ojú rí i kedere, ẹ dá a dúró.

Kòròfo ọta tí ẹ ti yìn ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ yí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀: ṣé ìlà kan ń dán yí i ká, díẹ̀ lókè ìdí rẹ̀? Ẹ tẹ ṣóńṣó wáyà tín-ín-rín kan bí ìwọ̀, kí ẹ fi wọ́ ògiri inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Tó bá ń yọ̀ geere, ó dára. Tó bá kọ́ sí ihò kan tó yí po, ẹ má yin ìbọn náà mọ́ títí alágbẹ̀dẹ ìbọn yóò fi fi gééjì wọ̀n ọ́n.