Gbèdéke owó ọ̀yà: ẹ bá mi ṣí fìlà yẹn kúrò lórí NBA

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́, àwọn tó kù sì ń dà á kọ láìbi ara wọn léèrè: "fìlà owó oṣù." Salary cap ni wọ́n ní àwọn ń túmọ̀, ìyẹn iye tí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún àpapọ̀ owó ọ̀yà àwọn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní sáà kan. Wọ́n rí cap, wọ́n rántí fìlà, wọ́n bá dé e lé owó lórí. Fìlà wo? Abetí-ajá ni, àbí gọ̀bì? Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ á rò pé owó aṣọ ni wọ́n ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn kan tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀mọ̀wé ju ìyẹn lọ ní "òrùlé owó" ló yẹ. Ó sàn ju fìlà lọ, n kò jiyàn. Àmọ́ òrùlé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá gba òrùlé kọjá, bí kò bá jẹ́ olè, káfíńtà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí à ń sọ yìí, ọ̀sán gangan ni àwọn ikọ̀ ń kọjá rẹ̀, tí líìgì sì ń wò wọ́n. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń kọ "sálárì káàpù" tí wọ́n sì ń sùn lọ. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ àyálò ni, líìgì náà àyálò ni, mo sì ti lo méjèèjì kí n tó dé ibí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ sálárì káàpù fún ìyá tó ń gbọ́ rédíò nílé kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ohùn Yorùbá ló kàn fi pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gbèdéke ni mò ń lò. Gbèdéke owó ọ̀yà. Gbèdéke ni ibi tí aláṣẹ fi ọwọ́ lé pé kí nǹkan má kọjá, kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan ọ̀hún ò lè kọjá. Ìjọba fún wa ní gbèdéke ọjọ́ tí a máa so nọ́ńbà NIN mọ́ SIM, gbèdéke ọ̀hún kọjá, wọ́n fún wa ní òmíràn, ìyẹn náà kọjá. Kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn sọ pé kì í ṣe gbèdéke.

Olùkọ́ èdè kan tí a jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà ló yẹ kí n lò, torí pé ààlà le, kò sì ní àmọ́ nínú. Líle rẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá yẹ ààlà ti jí ilẹ̀ onílẹ̀. Nínú NBA, gbèdéke sáà 2025-26 jẹ́ mílíọ̀nù 154.6 dọ́là fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ikọ̀ náà ló sì ti kọjá rẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, láìṣẹ̀ sí òfin. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó ti wà láti sáà 1984-85 tí gbèdéke ti dé, nígbà tó ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 3.6 péré: ikọ̀ lè kọjá gbèdéke láti dá agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ dúró. Orúkọ Larry Bird, agbábọ́ọ̀lù Boston, ni wọ́n fi ń pe ẹ̀tọ́ náà títí dòní. Ohun tó ní ilẹ̀kùn tí ó tó báyìí, ta ló ń pè é ní ààlà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wà lókè gbèdéke. Ní sáà 2025-26 yẹn, bí owó ọ̀yà ikọ̀ bá kọjá mílíọ̀nù 187.9, á bẹ̀rẹ̀ sí í san owó-orí àṣejù. Olówó lè san ìyẹn kó máa yan lọ. Òkè ìyẹn ni àwọn ìlà méjì kan wà, ọ̀kan ní mílíọ̀nù 195.9, èkejì ní 207.8. Apron ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ẹ ti lè mọ ohun tí àwọn onífìlà ṣe sí ìyẹn: "aṣọ ìdáná kejì." Mo rí i nínú àkọlé ìròyìn kan, mo rọra gbé fóònù mi sílẹ̀.

Bèbè ni mo pè é. Bèbè odò, bèbè kòtò: etí ibi tí ẹsẹ̀ ò ti ní rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bèbè á máa rán àwọn èèyàn létí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kó rán wọn létí. Ṣebí ìbàdí náà ni wọ́n ń so apron mọ́? Àdéhùn tí àwọn tó ni ikọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2023 ló dá bèbè kejì sílẹ̀, láti ìgbà náà ni àtigba ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti di ìṣirò tó ń fọ́ni lórí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ jà lé lórí, òun ni "rà". Nígbà tí ariwo gba ìgboro ní 2025 pé ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù Giannis Antetokounmpo lè kúrò ní ikọ̀ Milwaukee, ohun tí àwọn èèyàn wa ń bi mí ni pé kí ló dé tí olówó kan ò kàn ra ọmọ Adétòkunbọ̀ yìí. (Orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn o, àwọn Gíríìsì ló fi sípẹ́lì tiwọn da ojú rẹ̀ rú.) Ojú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Galatasaray gbé mílíọ̀nù 75 yúrò kalẹ̀ fún Napoli ní 2025, Osimhen di tiwọn, ó parí. NBA kò mọ irú ìyẹn. Pàṣípààrọ̀ ni tiwọn, agbábọ́ọ̀lù sí agbábọ́ọ̀lù, ohun tí òfin sì ń wọ̀n kì í ṣe bí ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, iye tí wọ́n ń san fún un ni. Ti Giannis ní sáà 2025-26 jẹ́ mílíọ̀nù 54.1. Ikọ̀ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ronú ẹni tó máa kó jáde kó tó ronú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àgbò sọ ọ́. Àdúgbò kan wà tí àwọn àgbà ti ṣòfin lórí oúnjẹ tí ẹran inú ọgbà ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jẹ lóṣù. O rí àgbò ńlá kan lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ, oúnjẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ló ń jẹ lóṣù. Bí ọgbà tìrẹ bá ṣófo, fa àgbò rẹ lọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Bó bá ti kún, o ní láti kó ẹran tí oúnjẹ wọn tó bẹ́ẹ̀ jáde: ewúrẹ́ méjì, àgùntàn kan, adìẹ mélòó kan, so gbogbo wọn mọ́ okùn kan, kí o fà wọ́n lọ fún un. Oúnjẹ ni à ń kà o, kì í ṣe ẹran ara. Ewúrẹ́ tó rù hangogo tó sì ń jẹun bí iná wúlò nínú òwò yìí ju èyí tó sanra tí kì í jẹun. Bí o bá ṣì wà nísàlẹ̀ bèbè kìn-ín-ní, wọ́n á gbà kí àgbò tí ò ń mú bọ̀ jẹun ju àwọn tó jáde lọ díẹ̀. Tí o bá ti kọjá bèbè yẹn, kò gbọ́dọ̀ fi ṣíbí kan jù wọ́n lọ. Tí o bá wá kọjá bèbè kejì, wọ́n gba okùn lọ́wọ́ rẹ. O ò lè so ewúrẹ́ mọ́ àgùntàn mọ́. Ẹran kan ṣoṣo tó ń jẹun tó àgbò yẹn ni wàá fà jáde, bí o bá ní irú rẹ̀.

Ikọ̀ Phoenix fojú rí i ní oṣù Kejì ọdún 2025. Jimmy Butler ti kẹ̀yìn sí ikọ̀ rẹ̀, Miami, Phoenix ni ìròyìn sì ní ọkàn rẹ̀ wà. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 48.8. Phoenix ti kọjá bèbè kejì tipẹ́, ẹni mẹ́ta péré ni owó wọn sì tó ti Butler: Kevin Durant, 51.2, Bradley Beal, 50.2, Devin Booker, 49.2. Ta ló máa lé Durant tàbí Booker kó tó gba Butler? Beal ló kù. Àmọ́ Beal ní ohun tí agbábọ́ọ̀lù díẹ̀ ní, ìyẹn àdéhùn tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ bí òun ò bá fọwọ́ sí i. Ìròyìn sì gbé e pé Miami fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kú nìyẹn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó kékeré kún ọwọ́ Phoenix, kò sì lè kó méjì nínú wọn pọ̀.

Golden State ló gba Butler. Owó ẹni mẹ́rin ni wọ́n kó jọ: Andrew Wiggins 26.3, Dennis Schröder 13, Kyle Anderson 8.8, Lindy Waters 2.2. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó súnmọ́ owó Butler, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Níbí ni mo ti máa fún olùkọ́ èdè náà ní ààlà rẹ̀, kó má bàa sọ pé mo lágídí. Ikọ̀ tó bá ṣe irú àwọn òwò kan, bíi ti Buddy Hield tí Golden State gbà ní 2024, bèbè kìn-ín-ní á di ààlà fún un títí sáà yóò fi parí. Kò gbọdọ̀ fi dọ́là kan yẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni ààlà, ibẹ̀ ló bá a mu.

Ti Luka Dončić tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan náà tilẹ̀ dùn mọ́ mi ju ti Butler lọ, torí àwọn èèyàn rò pé ẹni méjì ni wọ́n kàn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Luka ti Dallas, 43.03, Anthony Davis ti Lakers, 43.2. Ó jọ pé ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n Maxi Kleber, mílíọ̀nù 11, bá Luka wá sí Los Angeles, Lakers sì ti kọjá bèbè kìn-ín-ní. Ni wọ́n bá fi Max Christie kún Davis, 7.1, kò tíì tó. Wọ́n fi Jalen Hood-Schifino kún un, 3.9. Ó wá di 54.2 tó jáde, 54.03 tó wọlé. Hood-Schifino kò dé Dallas rárá, Utah ni wọ́n já a sí. Ọmọkùnrin yẹn ṣí kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn nítorí kí ìròpọ̀ lè pé. Davis fúnra rẹ̀ yááfì àjẹmọ́nú tó yẹ kó gbà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, bó bá gbà á ni, ìṣirò Dallas á dàrú.

  

Beal ni mo fẹ́ padà sí, torí wọn kò rí ẹni gbé e fún. Ní oṣù Keje 2025, Phoenix tú àdéhùn rẹ̀ ká. Ó yááfì díẹ̀ nínú owó rẹ̀, wọ́n pín ìyókù sí sáà márùn-ún, mílíọ̀nù 19.4 ní sáà kọ̀ọ̀kan, títí wọ 2030, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣirò gbèdéke wọn, bẹ́ẹ̀ Beal ti kọjá sí ikọ̀ Clippers. Milwaukee ṣe bákan náà fún Damian Lillard ní oṣù yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 22.5 ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí àyè gba Myles Turner. Stretch ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn. Mo ti ń retí ẹni tó máa kọ "nínà owó". Gbogbo ẹni tó ti jẹ gbèsè rí nílẹ̀ wa ló mọ orúkọ rẹ̀: wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ ni.