Saoirse: Orúkọ Tí Ìjà Òmìnira Bí

Ní Ireland àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ Saoirse. Ẹ ka orúkọ àwọn obìnrin mímọ́ wọn láti orí Brigid dé orí Íte, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pe òmìnira ní èdè Irish ni saoirse. Inú ọ̀rúndún ogún ló tó di orúkọ ọmọ, ohun tí ojú àwọn òbí rí ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1831, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni àrùn ba pòtétò jẹ́ lóko, ìyàn sì mú láti 1845 dé 1852. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, bí mílíọ̀nù kan mìíràn sì wọkọ̀ ojú omi sá lọ. Ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù, níbi tí èdè Irish ti múlẹ̀ jù, ni ìyàn náà ti jà jù. Àwọn tó kù sílé wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ, kí ó lè ríṣẹ́ ṣe lókè òkun. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí ilé Yorùbá púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí láìsí pé ìyàn mú.

Ní 1893, Douglas Hyde àti Eoin MacNeill àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge sílẹ̀ láti gba èdè náà là. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n ń padà sí ti ìbílẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1894, ni David Brown Vincent, oníwàásù Baptist ti ilẹ̀ wa, náà di Mojọlá Agbébí. Ọ̀tẹ̀ Àjíǹde, tí wọ́n fi kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ sílẹ̀ ní Dublin ní 1916, ogun òmìnira tẹ̀ lé e láti 1919 dé 1921. Nígbà tí ìjọba tuntun dé ní 1922, Saorstát Éireann, Ìpínlẹ̀ Òmìnira Ireland, ni wọ́n pè é, saor (òmìnira) tó wà níwájú orúkọ yẹn náà ló bí saoirse. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí àwọn òbí wọ̀nyí wò ni orílẹ̀-èdè wọn.

Orúkọ náà ò sì tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Paul Hill, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 1975 lórí bọ́ǹbù ìlú Guildford ní England tí wọn kò jù, lo nǹkan bí ọdún 15 lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1989. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin ní 1997, Saoirse ni wọ́n sọ ọ́.

Ká wá sí bí wọ́n ṣe ń pè é, èyí tó ń dààmú àlejò. Bí lẹ́tà Irish ṣe ń dún ní ìlànà. Aoi jẹ́ i gígùn, òun ló jẹ́ kí Aoife máa jẹ́ "Íífà". S tó bá fara kan a, o tàbí u, s tiwa náà ni. Tó bá wà lọ́dọ̀ e tàbí i, ó di ṣ, bíi ti Seán tí gbogbo wa mọ̀. Nítorí náà, "Síírṣà". Àmì ìsàlẹ̀ ni àwa fi ya ṣ sọ́tọ̀, fáwẹ̀lì ni àwọn fi ń yà á. Olùkọ́ tó ń pe Ṣeun ní "Seun" ní London, kò sí àmì lórí ìwé tó ń kà ni.

Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo kọ́ ló wà. Saoirse Ronan, òṣèré tí wọ́n bí ní Bronx, New York, ní 1994 tó sì dàgbà ní Ireland, ń pe tirẹ̀ bí "Sọ́ọ̀ṣà". Lórí ọ̀pọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n tó lọ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bi í léèrè. Ní December 2017, ó fi orin ṣàlàyé rẹ̀ lórí Saturday Night Live, ètò ẹ̀fẹ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Òkìkí rẹ̀ náà ló gbé orúkọ yìí sọdá òkun: 2016 ló kọ́kọ́ wọ inú ẹgbẹ̀rún orúkọ ọmọbìnrin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ jù. Ní Ireland, wọ́n gba ohùn méjèèjì, bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ bá ṣe pè é ni wọ́n ń bá a pè é.