Ìbáramu àti Ìṣísílẹ̀ Lára Róbọ́ọ̀tì Ìṣeré Ọmọdé

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ lè gba àpótí róbọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ tó wà lókè òkun, kí òbí kan tún ra òmíràn wá láti Èkó, kí àwọn olùkọ́ sì máa retí pé méjèèjì yóò jọ ṣiṣẹ́. Bóyá wọn yóò jọ ṣiṣẹ́ ni à ń pè ní ìbáramu. Bóyá ẹlòmíràn, yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, lè rí inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi nǹkan kún un, èyí ni ìṣísílẹ̀.

Ìbáramu kò mọ sórí pé kí ohun kan wọ inú èkejì. Bíríkì oníke tí ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré LEGO ṣe ní 1958 ṣì ń wọ inú èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu wáyà tó so ẹ́ńjìnnì kékeré àti sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì mọ ohun tó yí i ká) mọ́ ọpọlọ róbọ́ọ̀tì Mindstorms wọn ti yí padà. RCX, ọpọlọ ti 1998, ní tirẹ̀. NXT ti 2006 mú òmíràn wá, tó jọ ti tẹlifóònù orí tábìlì, àfi pé ibi tó ti ń há wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. EV3 ti 2013 kò pa ẹnu wáyà yìí dà, nítorí náà ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ NXT ń bá EV3 ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ EV3 kò bá NXT ṣiṣẹ́, bí wáyà wọn tilẹ̀ wọlé rẹ́gí, nítorí pé NXT kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ròyìn.

Agbára iná ni mo rò pé ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún jù lọ. Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04, tó ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ṣe ìwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ń lo fólítì 5, fólítì 5 náà ló sì fi ń dá èsì padà. Arduino Uno, pátákó kékeré tí a fi ń darí róbọ́ọ̀tì, tí òun náà ń lo fólítì 5, yóò gbà á láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí fólítì 3 ni micro:bit, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí BBC pín fún àwọn ọmọ iléèwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, ń lò, èsì fólítì 5 sì lè bà á jẹ́, láìsí ohunkóhun tí yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ọmọ tó so wáyà náà.

Ní ti ìṣísílẹ̀, òun gan-an ló ká mi lára jù fún ìlú bíi tiwa, níbi tó ti ṣòro láti rí ẹni tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn láti máa bá a tún ẹ̀rọ ṣe. Arduino, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì ní 2005, fi àwòrán bí pátákó rẹ̀ ṣe so pọ̀ síta, pẹ̀lú ètò tí a fi ń kọ àṣẹ fún un. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi lè ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n sì tà á lówó pọ́ọ́kú láìrú òfin, bí wọn kò bá ti fi orúkọ Arduino sí i. Bí iná bá ba ATmega328P, ìyẹn ọpọlọ Uno R3, jẹ́ lára irú èyí tí a lè yọ ọ́, a lè fi òmíràn tí wọ́n ti kọ ètò ìbẹ̀rẹ̀ sí rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Lagere ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sì lè tẹ̀ lé àwòrán náà láti wá ibi tí wáyà ti já.

Ìṣísílẹ̀ ní ìwọ̀n. Nígbà ayé RCX, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ló wádìí fúnra wọn bí ó ṣe ń gbọ́ àṣẹ, tí wọ́n sì kọ ètò NQC àti legOS fún un. LEGO fúnra rẹ̀ ló wá fi ètò ìpìlẹ̀ NXT síta, Linux, ètò ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí inú rẹ̀, ló sì wà nínú EV3. Nígbà tí wọ́n fi òpin sí títa Mindstorms ní ìparí 2022, EV3 tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kò di aláìwúlò, nítorí ètò ev3dev àti Pybricks, tí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ LEGO kọ, ṣì ń jẹ́ kí a lè fi Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, darí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tó fẹ́ rà, ẹ béèrè iye fólítì tó ń lò àti bóyá wáyà rẹ̀ wà lọ́jà lọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá a lè kọ àṣẹ sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò Arduino tí a bá ti gbà sórí kọ̀ǹpútà kò nílò dátà mọ́ láti kọ àṣẹ sínú Uno. Ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì tó gbọ́dọ̀ kàn sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ yóò dákẹ́ lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé.