Bí ìbẹ̀rù òru ṣe ń gbé ṣúgà ọmọ sókè

Ohun tó ń lé oorun lójú òbí ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní kì í sábà jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga. Èyí tó já wálẹ̀ lóru ni.

Ara ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pèsè ínsúlínì mọ́, èròjà tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ ló fi ń gbà á. Nínú ara tó dá ṣáṣá, ínsúlínì máa ń dín kù bí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n gún sára kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, iṣan rẹ̀ ṣì lè máa fa ṣúgà mọ́ra ní aago méjì òru. Tí ṣúgà bá ti kéré sí 70 mg/dL, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Tó bá kéré sí 54, ewu ti wọ̀ ọ́. Lójú ọ̀sán, ọmọ á gbọ̀n, á làágùn, á ní ebi ń pa òun. Lójú oorun, àmì wọ̀nyí kì í sábà lágbára tó láti jí i, ó sì lè ti ibẹ̀ bọ́ sí gìrì.

Òbí tó bá ti rí gìrì yẹn rí kò ní fẹ́ rí i mọ́. Ó wá ń dín ínsúlínì alẹ́ kù, tàbí kó fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Ṣúgà á wà ní 200 títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọmọ á jí láyọ̀, ọkàn òbí á sì sọ fún un pé ohun tóun ṣe ló gba ọmọ là. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di àṣà. Ṣúgà tó ga kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ara jẹ́. Bí àyẹ̀wò bá gbé e jáde ní ọsibítù tí wọ́n sì bá òbí wí, ẹ̀bi á gun orí ẹ̀rù. Ìbáwí yẹn kò tọ́ rárá, nítorí àìbìkítà kọ́ ló fà á.

Wíwọn ṣúgà ló ń já ìdè náà: kí ọmọ tó sùn, àti láàárín òru lẹ́yìn eré tó le tàbí tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ bá yí padà. Ẹ̀rọ àlẹ̀mọ́ra, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, ń ka ṣúgà ní ìṣẹ́jú mélòó kan mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sùn lé e, ó lè ké lásán, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gún ìka wò ó. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi owó ara wọn ra bébà ìdánwò. Ẹni tí kò bá rí i rà, àfojúdá ló kù fún un, ẹ̀rù á sì máa tì í síbi tó ga.

Ohun kejì ni pípín òru. Ìyá nìkan ló sábà máa ń ṣọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ bàbá àti ìyá àgbà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ iye tó ti lọ sílẹ̀ jù, kó sì ní ṣúgà nítòsí ibùsùn: nǹkan bíi gíráàmù 15 tí wọ́n pò mọ́ omi fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, kó dín sí i fún ọmọ kékeré, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ọmọ kò bá mọ ohun tó ń lọ mọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ glucagon tó ń gbé ṣúgà sókè, bó bá wà nílé, tàbí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.