Bí àwọn olú ọba Róòmù ṣe ń rí orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́

Òpó òkúta gíga kan wà láàárín ìlú Róòmù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 113 lẹ́yìn Kristi láti fi yẹ́ olú ọba Trajan sí. Wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí ìdí òpó náà, ó sì ṣeé kà dòní. Bí èèyàn bá yọ àwọn ipò tó dì mú kúrò, ohun tó kù nìyí: Imperator Caesar Nerva Traianus Augustus, ọmọ Nerva tó ti di òrìṣà, Germanicus, Dacicus. Méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ́gun ni. Àmọ́ Marcus Ulpius Traianus ni ọkùnrin yìí ń jẹ́ láti kékeré, bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ń jẹ́ nìyẹn, ó sì lé ní ogójì ọdún tó fi jẹ́ ẹ. Kò sí Marcus lára òkúta yìí, kò sí Ulpius. Orúkọ ẹlòmíì ló jókòó síbi tó yẹ kí tirẹ̀ wà.

Ẹni tó fín in kò ṣì í fín. Ètò orúkọ láàfin Róòmù ló rí bẹ́ẹ̀, èèyàn ò sì lè mọ bó ṣe ń lọ àfi tó bá kọ́kọ́ mọ bí orúkọ ṣe rí nílé àwọn tí kò jọba.

Láàárín àwọn ọlọ́lá Róòmù, orúkọ mẹ́ta ni ọkùnrin sábà máa ń jẹ́. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ará ilé fi ń pè é. Irú rẹ̀ ò pọ̀ rárá: Gaius, Lucius, Marcus, Publius, Titus, Quintus àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn. Nítorí pé kò pọ̀, wọn kì í sábà kọ ọ́ tán, lẹ́tà kan tàbí méjì ti tó: M. fún Marcus, Ti. fún Tiberius. Èkejì ni orúkọ ìdílé, òun ló sì wúwo jù: Julius, Claudius, Cornelius, Domitius. Gbogbo ọmọ tí bàbá bá bí ló ń jẹ́ ẹ, tọkùnrin tobìnrin, títí kan ẹrú tó bá dá sílẹ̀ lómìnira. Ẹ̀kẹta jẹ́ àlàjẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹnì kan, tó wá di orúkọ ẹ̀ka kan nínú ìdílé. Kì í ṣe gbogbo àlàjẹ́ yìí ló pọ́nni lé. Ẹ̀ka kan nínú ìdílé Domitius ń jẹ́ Ahenobarbus, ìyẹn onírùngbọ̀n idẹ. Inú ẹ̀ka yẹn ni wọ́n bí ọmọ tó padà di olú ọba Nero sí. Caesar náà, àlàjẹ́ ẹ̀ka kan lásán ni nínú ìdílé Julius, àwọn ará Róòmù fúnra wọn ò sì fẹnu kò lórí ibi tó ti wá.

Orúkọ ìdílé bàbá ni wọ́n ń yí padà díẹ̀ fún obìnrin. Ọmọ Julius á di Julia, ọmọ Claudius á di Claudia. Bí ọmọbìnrin bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á wá nǹkan fi dá wọn mọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí Octavia, ẹ̀gbọ́n olú ọba Augustus, bí fún Marcus Antonius, Antonia ni àwọn méjèèjì: Antonia Ẹ̀gbọ́n àti Antonia Àbúrò. Nígbà tó yá, àlàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí àwọn ará ìṣáájú ló wá ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àwọn àbúrò olú ọba Caligula mẹ́ta, Agrippina, Drusilla àti Livilla, Julia ni orúkọ ìdílé gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ a kì í sábà rántí. Bí obìnrin bá relé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ìyàwó Claudius ń jẹ́ Valeria Messalina, ti Trajan ń jẹ́ Pompeia Plotina, ti Hadrian ń jẹ́ Vibia Sabina. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ọkọ lára orúkọ wọn, ó máa wá a tì.

Ohun kan ló lè yí orúkọ ọkùnrin padà pátápátá: kí ẹlòmíì gbà á ṣọmọ. Àwọn ọlọ́lá tí kò bímọ ọkùnrin máa ń gba ọmọ àgbàlagbà ṣọmọ kí ilé má bàa parẹ́. Ẹni tí wọ́n gbà á máa jẹ́ orúkọ bàbá tuntun lódindi, wọ́n á sì lè fi orúkọ ìdílé rẹ̀ àtijọ́ sẹ́yìn, pẹ̀lú ìparí tó yàtọ̀, kí aráyé lè mọ ibi tó ti wá. Òfin ìdílé ni o, kò bá ti ìjọba tan. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ló sọ ọ́ di ti ìjọba.

Gaius Octavius ni wọ́n sọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i ní ọdún 63 ṣáájú Kristi. Ilé rẹ̀ lówó lọ́wọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n láàárín àwọn ọlọ́lá àtayébáyé. Ìyá ìyá rẹ̀ ni arábìnrin Julius Caesar, ọ̀gágun tó wá di alákòóso Róòmù. Nígbà tí wọ́n gún Caesar pa ní ọdún 44, tí wọ́n ṣí ìwé ìhágún rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti gba ọmọ yìí ṣọmọ. Lójú ẹsẹ̀ ló ti ń jẹ́ Gaius Julius Caesar. Ó tọ́ kí ó fi Octavianus kún un gẹ́gẹ́ bí àṣà, bẹ́ẹ̀ sì làwọn òpìtàn ṣe ń pè é, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í lò ó. Kí ni yóò fẹ́ fi rán àwọn èèyàn létí ilé tó ti wá? Àwọn ọmọ ogun tó bá Caesar jagun ṣì wà láàyè, orúkọ yẹn ni wọ́n sì máa tẹ̀ lé. Marcus Antonius, tó ń bá a du agbára, fi í ṣẹlẹ́yà pé ọmọdé tí orúkọ ṣe ohun gbogbo fún ni. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó léwu.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ ọ̀hún ṣe lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní ọdún 42, wọ́n sọ Caesar tó ti kú di òrìṣà, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrìṣà, ó tẹ̀ ẹ́ sára owó ẹyọ. Nígbà tó yá, ó ju Gaius sílẹ̀, ó fi Imperator rọ́pò rẹ̀, ìyẹn orúkọ iyì tí àwọn ọmọ ogun fi ń kí ọ̀gágun tó bá ṣẹ́gun. Ó ju Julius náà sílẹ̀, ó sì gbé àlàjẹ́ Caesar sí ipò orúkọ ìdílé. Ní oṣù kìíní ọdún 27 ṣáájú Kristi, ilé ìgbìmọ̀ fi Augustus dá a lọ́lá. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe wá di Imperator Caesar Augustus, ọmọ òrìṣà, nìyẹn. Àwòṣe tí Trajan lò lára òpó rẹ̀ ní ọdún mọ́kàndínlógóje lẹ́yìn náà rèé.

Títí dé Caligula, Caesar ṣì jẹ́ orúkọ ilé. Augustus gba Tiberius ṣọmọ, ó sọ ọ́ di Julius. Tiberius gba Germanicus ṣọmọ, Germanicus bí Caligula. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pa Caligula ní ọdún 41 lẹ́yìn Kristi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin gbé Claudius gorí oyè, ẹnikẹ́ni ò sì gba Claudius sínú ìdílé Julius rí. Ó kàn mú orúkọ Caesar ni, ó ń jẹ́ ẹ lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ ìdílé kan di oyè. Síbẹ̀, kò tètè wọ gbogbo èèyàn lára. Ní ọdún 69, Vitellius kọ̀ láti jẹ́ Caesar nígbà tó kọ́kọ́ jọba. Ìgbà tí ogun fẹ́ bá a tán ló wá gbà kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀, bóyá orúkọ náà á gbà á. Kò gbà á. Vespasian tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ò ṣiyèméjì rárá: Imperator Caesar Vespasianus Augustus ló ń jẹ́ tààrà, ó sì ti Flavius, orúkọ ilé bàbá rẹ̀, sẹ́yìn. Àlàjẹ́ Vespasianus gan-an, láti ara ìyá rẹ̀, Vespasia, ló ti wá. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀ kékeré: Domitianus láti ara Domitilla, ìyá rẹ̀. Ibí yìí ni orúkọ obìnrin ti gba ẹ̀yìn wọlé sára orúkọ ọba.

Olú ọba Nerva kò bímọ, àwọn ọmọ ogun sì ń halẹ̀ mọ́ ọn, ló bá gba Trajan ṣọmọ ní ọdún 97. Ìdí nìyẹn tí Nerva fi jókòó sára òpó tí Ulpius kò sì sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ju ọgọ́rin ọdún lọ tí orúkọ fi ń ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbà ṣọmọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà ṣọmọ, kò sì sí ibi tó ti lọ́jú pọ̀ tó ti Marcus Aurelius. Marcus Annius Verus ló ń jẹ́ ní kékeré. Ní ọdún 138, Hadrian, tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Aelius, gba Antoninus, tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Aurelius, ṣọmọ, àmọ́ ó ní kí òun náà gba ọmọkùnrin méjì ṣọmọ. Marcus jẹ́ ọ̀kan, ló bá di Marcus Aelius Aurelius Verus. Èkejì ni Lucius Ceionius Commodus, ó di Lucius Aelius Aurelius Commodus. Nígbà tí Marcus jọba ní ọdún 161, ó mú Antoninus tó jẹ́ ti bàbá tó gbà á, ó sì bọ́ Verus, orúkọ tí wọ́n bí òun mọ́, fún Lucius bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ fún àbúrò. Lucius Verus làwọn ìwé ìtàn ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ Verus kì í ṣe orúkọ bàbá tó bí i, kì í ṣe ti bàbá tó gbà á.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tó ń gbani ṣọmọ wà láàyè, ó kéré tán ó fi ìwé sílẹ̀. Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà òde òní, yọ ìyẹn náà kúrò. Ogun ló fi gba ìjọba ní ọdún 193. Ní ọdún 195, ó kéde pé ọmọ Marcus Aurelius ni òun, bẹ́ẹ̀ Marcus ti kú láti ọdún 180. Òpìtàn Cassius Dio sọ pé ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ fọ̀ kí i kú oríire pé ó ti rí bàbá. Severus tún yí orúkọ ọmọ rẹ̀ Bassianus sí Marcus Aurelius Antoninus; òun la mọ̀ sí Caracalla, àlàjẹ́ tó ti ara ẹ̀wù kan tó fẹ́ràn láti máa wọ̀ wá. Ní ọdún 218, wọ́n gbé ọmọdé kan dìde ní ìlú Emesa ní Síríà, ìyá ìyá rẹ̀, Julia Maesa, ní ọmọ Caracalla ni, òun náà sì di Marcus Aurelius Antoninus. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Ti àwọn ayaba ṣọ̀wọ́n kó yí padà, ìdí nìyẹn tí ti Livia fi ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Nígbà tí Augustus kú ní ọdún 14, ó gba ìyàwó ara rẹ̀ sínú ìdílé Julius nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó sì fi orúkọ Augusta fún un. Ìyàwó di ọmọ ọkọ rẹ̀ lójú òfin, Livia di Julia Augusta. Látìgbà náà, Augusta di ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn obìnrin ààfin lọ́lá. Julia Domna, ìyàwó Severus, kì í ṣe ẹbí Caesar ní tiẹ̀. Ilé àwọn àlùfáà òòṣà oòrùn ní Emesa ló ti wá, Julia tó ń jẹ́ sì jọ orúkọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbà nígbà tí wọ́n di ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù.

Ọ̀nà tí orúkọ ọba ń gbà dé ọ̀dọ̀ ará ìlú nìyí. Ẹni tí olú ọba bá fún ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀, orúkọ ìdílé olú ọba ló sábà máa ń mú. Àwọn tó ń ka Bíbélì ti bá a pàdé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: ọ̀gágun tó sọ fún Pọ́ọ̀lù pé owó ńlá lòun fi ra ẹ̀tọ́ yẹn, Claudius Lysias ló ń jẹ́. Lysias jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Claudius ló ń sọ ìjọba tó ṣeé ṣe kó ti rà á. Josephus, òpìtàn Júù, di Flavius lábẹ́ ìdílé Vespasian. Ní ọdún 212, Caracalla sọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú nínú ilẹ̀ ọba rẹ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, di ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aurelius wá kún ilẹ̀, láti Íjíbítì dé Síríà. Orúkọ tí Severus fipá gbé wọ ara ọmọ rẹ̀ di orúkọ àgbẹ̀ àti ahunṣọ.

Orúkọ tó bá ti wà lára gbogbo èèyàn ò lè fi ọlá hàn mọ́. Nígbà tí Constantine jọba, Flavius ni ìdílé tirẹ̀ ń jẹ́, àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Nínú àwọn ìwé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti gbèsè tí wọ́n hú jáde ní Íjíbítì, orúkọ yìí nìkan ti tó láti mọ ẹgbẹ́ èèyàn: Flavius ni ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ìjọba, Aurelius ni ẹni tó ń san owó orí. Ní ọdún 584, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí olú ọba ìkẹyìn ti kúrò lórí oyè ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Lombard fi Authari jọba ní Ítálì. Kò bá Constantine tan, kò bá Vespasian tan, Flavius ló sì fi ṣíwájú orúkọ rẹ̀.