Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń kó eruku ọyẹ́ wọlé

Pé ọyẹ́ ń bó ètè, pé ó ń la gìgísẹ̀, ta ni ò mọ̀ ní Kétu ilẹ̀ Benin wa níbí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Gbọ̀ngàn tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò ni ọ̀rọ̀ wà fún, èyí tí wọ́n ti ń ṣèpàdé tí wọ́n tún ti ń ṣèyàwó, tó ní ilẹ̀kùn níwájú tó ní lẹ́yìn. Tọ́yẹ́ bá dé, wọ́n á ti tiwájú gbọn-in torí òun ló kọjú sí atẹ́gùn, wọ́n á wá ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á ní ọyẹ́ ò kúkú gbabẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni gan-an, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Eruku yẹn kì í ṣe eruku títì wa nìkan. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́, tí atẹ́gùn ń fún ara ẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kó tó bọ́ síbẹ̀, á wá gbá a sókè. Ọ̀nà yẹn ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, èyí tó wúwo á ti já sílẹ̀ lọ́nà, èyí tó kúnná jù ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ò ní ọ̀nà tiẹ̀, ibi tí atẹ́gùn bá gbà lòun náà ń gbà.

Atẹ́gùn tó bá kọ lu ògiri iwájú á máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ilé, èyí tó bá yí ilé po lọ sẹ́yìn á máa fa tinú ilé jáde. Tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn pa, èyí tó ń wọlé ò ríbi gbà jáde, kò ní lè wọlé púpọ̀ mọ́. Àmọ́ tí ẹ̀yìn bá ṣí, àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú, ihò kọ́kọ́rọ́, àárín fèrèsé nákò, gbogbo wọn á di ọ̀nà. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ síbi àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, á máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ẹ wá ní kẹ́nì kan lọ ti ẹ̀yìn, bébà á rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹni tó kọ́lé ò jẹ̀bi o. Ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra, ooru oṣù kẹta ló wà fún, ó sì dáa gan-an nígbà yẹn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú látijọ́, wà ní Kétu níbí tó ti fi bó ṣe yẹ hàn: ilẹ̀kùn ìta, àyè láàárín, ilẹ̀kùn inú. Láyé ogun, ẹni tó bá wọ tìta ò tíì wọ̀lú, wọ́n lè tìta mọ́ ọn lẹ́yìn kí wọ́n tó ṣí tinú, wọ́n á wò ó dáadáa, ogun ò lè rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbọ̀ngàn tó bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ kọ́tìnì tó nípọn ni wọ́n ta sínú, èèyàn á máa wọlé máa jáde, eruku ò ní bá a wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Tí kò bá sí, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì, kẹ́ ẹ wá fi àkísà dí abẹ́ tiwájú. Tí èrò bá pọ̀ tí inú ilé wá móoru, ẹ dúró dìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí méjèèjì.