Bí Onílé Ṣe Gba Yíyan Ilẹ̀ Lọ́wọ́ Àlejò: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Pitch Kíríkẹ́ẹ̀tì

Àlejò ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti yan pitch, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń lù ú ti ń kojú ara wọn. Nínú òfin kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1774, ẹgbẹ́ tó bá kúrò nílé wá ló máa sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ di igi mú láti lu bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì máa yan ibi tí wọn yóò ri wíkẹ́ẹ̀tì, àwọn igi tí bọ́ọ̀lù ń fojú sùn, mọ́. Ohun tí onílé lè ṣe ò ju pé kó fi àmì sí ibì kan nínú pápá. Láàárín yáàdì 30 sí àmì yẹn, ibi tó bá wu àlejò ni wọ́n ti máa ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú eré yìí, torí pé bọ́ọ̀lù sábà máa ń balẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di igi mú. Bí ilẹ̀ bá ṣe gbà á ló ṣe máa dìde: ó lè ga, ó lè fà nílẹ̀, ó lè yà sápá kan. Pápá ayé ìgbà yẹn kò sì tẹ́jú, àgùntàn ló ń bá wọn jẹ koríko rẹ̀. Edward Stevens, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lumpy, mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ sí òde, ibi tí ilẹ̀ ti yọ gegele díẹ̀ ló máa ń wá, torí ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù tó bá jù máa ń ṣòro láti lù. Wọ́n tiẹ̀ fi gegele yẹn kọ ewì bá a.

Ẹ̀tọ́ yìí kò pẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n gbé e fún àwọn adájọ́, ó sì ti ọwọ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ aláṣẹ pápá, tó jẹ́ ti onílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló wà títí dòní. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aláṣẹ pápá ló ń yan ilẹ̀, òun ló ń tọ́jú rẹ̀; bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ti adájọ́. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pète láti rẹ́ àlejò jẹ nígbà yẹn. Ìtọ́jú ilẹ̀ ló ń di iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ náà sì nílò ẹni tí yóò wà nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ikú ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé ó nílò rẹ̀. Ní Lord's, pápá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1870, John Platts ju bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà ta láti ilẹ̀, ó sì ba George Summers ti Nottinghamshire ní orí. Richard Daft tó wọlé tẹ̀ lé e fi táwẹ́ẹ̀lì wé orí kó tó jáde sí pápá. Summers kú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tí Ọsirélíà àti Ìlú Ọba ṣe Test àkọ́kọ́, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ní Melbourne lọ́dún 1877, olùtọ́jú pápá ti di ẹni pàtàkì.

Kí ló ń ṣe? Pitch gùn ní yáàdì 22, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Amọ̀ ni ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé alámọ̀ ní Ìkòròdú wa níbí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ògiri ilé bàbá àgbà wa le débi pé ìṣó máa ń tẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti mú tán, ó máa ń sán, àwa ọmọdé a sì máa ti ìka bọ inú ibi tó sán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pitch. Wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, wọ́n á wá máa yí rólà ńlá lórí rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi le. Bí amọ̀ bá ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀ ló ṣe máa le tó. Ní Ìlú Ọba, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ pitch ni amọ̀. Ti Ọsirélíà máa ń ju ìdajì lọ. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù fi máa ń ga ní Ọsirélíà ju ti Ìlú Ọba lọ, kò sì sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀.

Koríko àti omi ló kù, ọwọ́ ènìyàn sì ni méjèèjì wà. Bí olùtọ́jú bá fi koríko tútù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣì ní omi nínú, àwọn tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú agbára ló máa jẹun. Bí ó bá fá koríko mọ́lẹ̀, tó dáwọ́ omi dúró, ilẹ̀ á gbẹ, á sán, á máa hó eruku, bọ́ọ̀lù àwọn tó ń fi ìka lọ́ ọ á sì máa yà bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni Test, nítorí náà ilẹ̀ á gbẹ lọ́jọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún bó ti wù kó rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ jà kàn máa jẹ́ kí ọjọ́ kẹrin tètè dé ni.

Old Trafford, pápá kan ní Manchester ní Ìlú Ọba, oṣù keje ọdún 1956, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ariwo. Gubby Allen, alága àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ Ìlú Ọba, ní kí Bert Flack tó ń tọ́jú pápá gé koríko sí i. Jim Laker, tó ń fi ìka lọ́ bọ́ọ̀lù, wá lé 19 jáde nínú 20 àwọn ará Ọsirélíà (ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kan ń lù, ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n sì ń lé jáde nígbà kọ̀ọ̀kan). Àwọn àlejò fárí gá. Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní ilẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀: Tony Lock náà ju bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ kan náà, ẹyọ ẹnì kan péré ló lé jáde.

Ní Nàìjíríà, a ti ń ṣeré yìí tipẹ́. Èkó àti Gold Coast ti pàdé lọ́dún 1904. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó láti Ìkòròdú lónìí lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, kó lọ sí pápá tó wà ní Tafawa Balewa Square. Ṣùgbọ́n nílé-ìwé, orí kọnkéré tí wọ́n tẹ́ ẹní lé ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ, kọnkéré kò sì mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Lọ́dún 2016, àwọn tó ń darí ìdíje agbègbè ní Ìlú Ọba dá ohun kan padà fún àlejò. Bí balógun àlejò bá fẹ́ kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù, kò ní sí pé à ń ju owó sókè mọ́ láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lù, ó ti gbà á nìyẹn. Koríko tí àwọn onílé ń fi sílẹ̀ jù ló fà á, ó ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n lò ó di 2019 kí wọ́n tó pa á tì. Ìgbìmọ̀ ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò fún Test lọ́dún 2018, wọ́n ní kí ti tẹ́lẹ̀ máa lọ. Ó dùn mí. Àmì àléébù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún pápá lọ́dún yẹn kan náà ń bá ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ wí, kò fún àlejò ní nǹkan kan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ìlú Ọba gba rọ́ọ̀nù (àmì ayò) 823 ní Multan ní Pakistan, wọ́n sì lu Pakistan bí ẹni lu bàrà. Pakistan ò kúrò ní Multan. Orí ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti lò tán ni wọ́n ti ṣe Test kejì, wọ́n sì to fáànù ńlá yí i ká kí ó lè gbẹ. Mo ń wò ó lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sàbó, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sá sílẹ̀ yẹn?" Mo ní ilẹ̀ ni, àbúrò. Noman Ali àti Sajid Khan, tí wọ́n ń lọ́ bọ́ọ̀lù fún Pakistan, pín gbogbo 20 tí wọ́n lé jáde láàárín ara wọn. Ní Rawalpindi, níbi Test kẹta, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ amúlégbóná kún un, Pakistan sì gba ìdíje náà ní méjì sí ọ̀kan.

Inú mi dùn fún Noman, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógójì nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ti ń wò bí ẹni tó ti tán. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ilẹ̀ Multan jẹ́ ilẹ̀ Multan, kó má jẹ́ ilẹ̀ tí fáànù ṣe.

Íńdíà ló wá rí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, pé ilẹ̀ tí onílé ṣe lè ṣàǹfààní fún àlejò. Lóṣù kan náà, wọ́n ṣe ilẹ̀ gbígbẹ fún New Zealand ní Pune, Mitchell Santner tó jẹ́ àlejò sì lé 13 jáde lórí rẹ̀. Mẹ́ta sí òdo ni Íńdíà fi pàdánù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, South Africa wá sí Kolkata. Rọ́ọ̀nù 124 péré ni Íńdíà ń wá kẹ́yìn. 93 ni gbogbo wọn parí sí. Gautam Gambhir, kóòṣì wọn, ní irú ilẹ̀ tí àwọn béèrè gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ tí wọ́n lò tẹ̀ lé e ní Guwahati rọrùn fún onígi jù ú lọ dáadáa, South Africa sì fi rọ́ọ̀nù 408 na Íńdíà níbẹ̀.